Ààlè Lẹ́bàá Tàtàṣé Hàrúnà

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hàrúnà fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń kó tàtàṣé láti Kàdúná wá sí Èkìtì. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó padà sílé ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì kéde pé òun fúnra òun yóò máa gbin tàtàṣé. Ẹni tó bá ń gbé adé ọba kiri pẹ́, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ti Nímọ́tà ìyàwó rẹ̀ ni. Ewúro àti tẹ̀tẹ̀ ló ń gbìn síbẹ̀. Ó yọ̀ǹda ìdajì, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀:

"Bàbá Habeeb, tí tàtàṣé pupa yín kò bá wọ ùkòkò mi lọ́jọ́ Iléyá, mo gba ulẹ̀ mi o."

Hàrúnà ní kò burú. Ó kọ ebè ńláńlá bí ẹni fẹ́ gbin iṣu, nítorí ọmọ Èkìtì kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀. Ó ń bomi rin wọ́n láràárọ̀, ó ń fi eérú lé kòkòrò. Ká má parọ́, tàtàṣé náà so. Wọ́n tóbi, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni wọ́n ṣì ní.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ata ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi du aládùúgbò. Màmá Mofẹ́olúwa, tí ògiri nìkan là wọ́n láàárín, a yọjú:

"Alájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ já ata díẹ̀ sọ́bẹ̀."

"Kò tíì pọ́n, ìyá."

"Inú ùkòkò ni yóò ti pọ́n. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Kí Hàrúnà tó ronú kan ohun tí yóò sọ, ó ti já a. Báyìí ni tọ̀tún-tòsì ṣe ń já a ní tútù, títí Iléyá fi kù sí dẹ̀dẹ̀, tó sì ku èso mẹ́ta lórí igi kan ṣoṣo.

Kí bàbá àgbà máa fi ata du èèyàn, ìtìjú ni. Hàrúnà wá mú àlòkù bàtà, ṣùùkù àgbàdo àti àkísà pupa, ó so wọ́n mọ́ ọ̀pá lẹ́bàá igi náà. Nígbà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bi í pé kí nìyẹn, ó ní ẹyẹ lòun fi ń lé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ààlè? Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi í sí, láburú ló ń fi ṣeré; wọ́n ní ikùn rẹ̀ á wú. Màmá Mofẹ́olúwa, tí kì í pa ìsìn jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn tó jìn lọ pọn omi.

Tàtàṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n, wọ́n pupa fòò. Láàárọ̀ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, Hàrúnà tò wọ́n sínú àwo, ó gbé wọn wọ ilé ìdáná bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Nímọ́tà wò ó. "Ohun tí wọ́n fi ààlè sí kò gbọdọ̀ wọ ùkòkò mi. Mo láwọn ọmọ tó fẹ́ jẹun."

"Ẹyẹ ni mo fi ń lé!"

"Ẹyẹ wo ló ń wọ bàtà?"

Màmá Mofẹ́olúwa, tó wá gba ẹran Iléyá tirẹ̀, dá sí i lẹ́nu ọ̀nà: "Kí ẹni tó fi ààlè sí i kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Hàrúnà wo ìdajì ilẹ̀ tó fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé. Ó mú ọ̀kan, ó gé e jẹ ní tútù, tòun ti kóró. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀. Nímọ́tà tilẹ̀ ti àpótí kan sún mọ́ ọn, kó má lọ ṣubú lu ọbẹ̀.

Ó rún un tán, ó gbé e mì. "Ó dùn," ló wí.

Wọ́n tún dúró díẹ̀ sí i. Ikùn kò wú. Nígbà tí Hàrúnà nawọ́ sí èkejì, Nímọ́tà já àwo náà gbà.

"Ó tó! Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tán ni?" Ó gé méjèèjì, ó dà wọ́n sínú epo gbígbóná, ilé ìdáná sì ta sánsán. "Ulẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín," ló wí láìwẹ̀yìn, "títí di Iléyá mìíràn."