Ọjọ́ tí A Pààrọ̀ Píkọ́ọ̀pù Gìtá Màámi

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Ọyẹ́ ti dé sí Mushin, ètè gbogbo wa ti bó, eruku sì ti bo aṣọ tí àwọn ará ilé sá sórí okùn. Òórùn náà ta mí nímú bí ìgbà tí rọ́bà bá jó mọ́ irin. Nígbà tí n ó fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi ti tẹ́ aṣọ ìbora àtijọ́ kan sílẹ̀, gìtá màámi wà lórí rẹ̀ láìní okùn kankan, bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán.

Olùkọ́ ni màámi, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yaba ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Láàárọ̀, kó tó jí wa, á gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, á máa ta gìtá rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa fi imú kọ orin Ìjẹ̀ṣà tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá là ń gbé, kò sì sí ohun tí ẹnìkan ṣe tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bínú sí gìtá yẹn. Àlùfáà àdúgbò wa tó ń gbé ní yàrá ìkẹyìn á dúró pẹ̀lú kẹ́tù omi àlùwàlá lọ́wọ́, á ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti àná yẹn ta." Èmi ni Fọlákẹ́. Ohùn gìtá yẹn ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń ta á fún ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Píkọ́ọ̀pù ló ń gba ohùn okùn, tó ń gbé e gba inú wáyà lọ sínú sípíkà. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n sì tẹ́ ẹ sábẹ́ egungun funfun tí okùn gìtá gbà kọjá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́ pátápátá láàárín orin. Olórí akọrin kò fi àbùkù kan màámi, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ létí gbogbo wa pé, "Màmá Fọlákẹ́, ẹ má bínú o. Ìkórè ti dé tán. Bí a ò bá gbọ́ gìtá yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ dùùrù máa gbé orin náà lọ."

Nígbà tí a délé, màámi kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, kò sì sí wáyà mọ́tò tó lè dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n gbé gìtá náà fún atúnṣe. Màámi kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ẹnìkan ti bá a tún un ṣe rí, ó sì dá a padà pẹ̀lú àpá lára. Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ó dáa. Àwa náà la máa ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ń tú ẹ́ńjìnnì, ó sì ra píkọ́ọ̀pù tuntun bọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba.

Lóòótọ́ ló fẹ̀sọ̀ mú un ní Sátidé yẹn. Àpótí kékeré tí bátìrì píkọ́ọ̀pù tuntun náà ń wọ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó ní láti gé ẹ̀gbẹ́ gìtá sí i. Màámi kọjú sí ògiri nígbà tí ayùn ń lọ tí ó ń bọ̀. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé ara mi lẹ ń gé." Bàbá mi ti píkọ́ọ̀pù tuntun bọ abẹ́ egungun funfun, ó dá egungun náà padà bó ṣe wà, ó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà mọ́ wáyà. Nígbà tó kan ká de ẹnu wáyà mọ́lẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ọwọ́ àwọn méjèèjì kò gba ojú ihò gìtá, tèmi ló gbà á. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, mo ń yí nọ́ọ̀tì tí n kò rí, bàbá mi ń sọ pé, "Díẹ̀ sí i. Jẹ́jẹ́. Ó tó." Nígbà tí wọ́n so okùn padà, tí wọ́n ki wáyà bọ sípíkà, màámi fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé sì hó yèè.

Ìkórè ọdún yẹn dùn. Ohùn gìtá màámi borí ìlù, àwọn èèyàn jó dé iwájú pẹpẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí màámi tó ń ki ìka bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lálẹ́. Ó ní títẹ okùn náà ti ń dun òun. Bàbá mi fi ṣe àwàdà, ó ní kò sí arúgbó nínú ilé òun. Màámi ò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ló ti ń darúgbó, Bàbá Fọlákẹ́," bẹ́ẹ̀ ló wí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Díẹ̀díẹ̀, ó dín títa gìtá kù láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé gìtá kọ́ sára ògiri pálọ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì gba orin. Agogo aláròóyè kan ló wá ń jí wa. Mo rò pé bí àwọn ìyá ṣe ń dàgbà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Bàbá mi papòdà. Èmi náà kó lọ sí Surulere, mo ra gìtá, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sì kú lọ́dún tó kọjá. Mo ní ọmọ ẹni tó ṣe é nígbà kan rí ni mí, mo pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ó dún dáadáa, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìka mi ti ń ta mí. Mo wo okùn náà dáadáa, mo rí i pé ó ti ga sókè kúrò lára igi ọrùn gìtá. Píkọ́ọ̀pù tuntun náà nípọn ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ti ti egungun funfun yẹn sókè. Ó yẹ kí n fi sáńpépà fá ìdí egungun náà kí n tó dá a padà. Ohun tó yẹ kí n fá kò ju ìnípọn èékánná lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ọwọ́ màámi nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo ń rí.

Mo lọ sí Mushin lọ́jọ́ kejì. Mo gbé gìtá náà kúrò lára ògiri, mo nu eruku rẹ̀, mo fá ìdí egungun náà, mo so okùn tuntun. Iṣẹ́ náà kò tó àkókò tí ìrẹsì fi ń jinná. Okùn wálẹ̀, ó rọ̀. Mo gbé e lé màámi lẹ́sẹ̀. Àrùn oríkèé ti wá ká ìka rẹ̀ kò báyìí, ní tòótọ́. Ó gbìyànjú láti tẹ okùn, méjì dún, ìyókù kò dún.

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ọwọ́ yín nígbà yẹn. Egungun yìí ló ga jù."

Ó wo gìtá, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Gbogbo ìgbà yẹn?"

"Gbogbo ìgbà yẹn, mà."

Màámi rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà ní yàrá kejì: "Má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Inú rẹ̀ á bàjẹ́."

Ọmọ tó ń yí nọ́ọ̀tì nínú òkùnkùn gìtá lọ́jọ́ náà gbà pé kò sí ohun tí bàbá àti ìyá òun ò mọ̀, orin ló sì ń jí i lójoojúmọ́. Èmi tí mo jókòó ti ìyá mi yìí mọ̀ jù ú lọ, mo mọ ibi tí àṣìṣe wà àti bó ṣe kéré tó. Ká ní mo lè gbé ìmọ̀ náà fún ọmọ yẹn ni, ǹ bá padà sùn títí gìtá màámi á fi jí mi.