Ẹyin Àjíǹde ní Gáráàjì Bàbá

Òórùn fínígà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lára ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú un nílé àwọn tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí ni, a ti wà nínú mọ́tò. Eruku òdòdó igi páìnì ti bo gbogbo àdúgbò bíi gàrí olépo, kò sí bí mo ṣe lè ṣí fèrèsé. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí, mo rí i pé ìka rẹ̀ ti di búlúù dé èékánná. Mo ní, "Kí lẹ ṣe lónìí?" Ọmọ ọdún márùn-ún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "It's a secret, Mommy. Grandpa ní kí n má tell you."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà bímọ síbí, o mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n ti kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé bí àgbàlagbà bá ní kí ọmọdé má sọ nǹkan fún ìyá rẹ̀, ká má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. "Grandpa" yìí kì í sì í ṣe bàbá mi, kì í ṣe bàbá ọkọ mi. Ọkọ màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ó ti fẹ̀yìn tì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ni mo fa ọmọ lé lọ́wọ́, kì í ṣe òun. Odidi ọdún méjì, mi ò rí àléébù kankan, ṣùgbọ́n ìfura ti wọ inú mi, ó ti jókòó. Mo wá ń ro ìdí tí ọmọ ò fi fẹ́ kí n tètè wá mú òun mọ́, àti ìdí tí Bàbá fi máa ń wo ilẹ̀ tó bá ń dá mi lóhùn. Nígbà tí mo ń wẹ̀ fún un, mo yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní. Mi ò rí nǹkan kan, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ Thursday tó ṣáájú Àjíǹde, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mi ò sọ fún ẹnì kan. Mọ́tò Màmá ò sí níta. Bàbá nìkan ló wà pẹ̀lú ọmọ mi nìyẹn. Mo gba ilé ìdáná wọlé, mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ nínú gáráàjì pé, "Rọra o, má jẹ́ kó fọ́." Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. "Bàbá, kí lẹ ń fi ọmọ mi ṣe?"

Orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni Bàbá jókòó sí, ẹyin wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ lu ẹyin náà lórí àti nídìí, Bàbá ń fẹ́ inú rẹ̀ jáde sínú abọ́. Ọmọ mi ló ń rẹ èèpo rẹ̀ sínú aró àti fínígà. Wọ́n ti fi òwú so bíi mẹ́wàá kọ́ sórí ẹ̀ka igi kan, búlúù, pupa, yẹ́lò. Ọmọ bú sẹ́kún. "Mommy, you ruined it! It's for you! You always work on Easter!"

Òótọ́ ni, mi ò bá a wá ẹyin aláwọ̀ tí wọ́n máa ń fi pamọ́ fún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde rí. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Bàbá gbé ẹyin náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn mi ti sọ gbogbo ohun tí mo rò nípa rẹ̀, Bàbá kì í sì í ṣe ọmọdé, ó ti yé e.

Ó ní, "Mi ò bínú, nọ́ọ̀sì. Ó tọ́ kí ìyá fura, èmi náà bí obìnrin. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè wà nílé mọ́ tí ọmọ yìí bá wà níbí."

Mo rò pé yóò gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti já ọmọ sílẹ̀, Bàbá á mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, á lọ jókòó sí parking lot ilé ìtajà kan títí màá fi padà wá mú un. Màmá ló sọ fún mi. Mo bẹ Bàbá títí, pásítọ̀ bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín ló ń rín. Níkẹyìn mo mú ọmọ mi lọ síbòmíràn, kí àgbàlagbà lè ráyè jókòó nínú ilé ara rẹ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, mi ò jiyàn. Bí ọmọ mi bá tún sọ lọ́la pé àṣírí wà láàárín òun àti àgbàlagbà kan, màá tún lọ wò ó, mi ò sì ní tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ náà ń jẹ nínú kíkorò oògùn yẹn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ náà, tó ti ń dàgbà, bi mí pé, "Mommy, kí ni Grandpa ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó wò mí dáadáa. "So why did he have to leave his own house?"

Mo ń wá ìdáhùn tí kò ní pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ tó bá ní nǹkan gidi láti sọ fún mi, tí kò sì ní ba bàbá náà lórúkọ jẹ́. Mi ò tíì rí i.