Láìnì Dé Láìnì Nínú Ilé Tẹ́tẹ́

Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìlú tẹ́tẹ́ tí ọmọ mi ń gbé ní Amẹ́ríkà, bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ lọ. Ẹ má wọ tuntun. Gbogbo ibẹ̀ ló jìn. Ẹ ó rí ilé kan lókèèrè, ẹ ó ní kò lè jìn ju ilé wa sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ rìn títí, ilé náà á ṣì wà níbi tí ẹ ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn ilé ọ̀hún ló tóbi jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n dà bí ohun tó wà nítòsí.

Ẹ mú àdí dání pẹ̀lú. Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n kọ́ ìlú yẹn sí. Àwa tí à ń gbé níbi tí òjò ti ń rọ̀ títí tí ara ògiri fi ń hu ewéko, a ò mọ irú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ètè mi bẹ́ ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, gìgísẹ̀ mi náà sì là. Àdí tí mo fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí ni mo fi ń pa á ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi kọ́kọ́ ń yínmú pé ó ń rùn, nígbà tó yá òun náà ń na ọwọ́ sí i. Ẹ mú súwẹ́tà náà. Oòrùn ìta á fẹ́ sun yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ inú ilé, ọyẹ́ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé tutù kì í sinmi níbẹ̀.

Káàdì ni wọ́n fi ń ṣí yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì wọn, kò sì sí nọ́ńbà lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá yín sí pépà, kí ẹ so ó mọ́ etí ìró. Mo rí ọkùnrin òyìnbó kan tó ń ti káàdì bọ ilẹ̀kùn mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ ilẹ̀kùn bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó bínú.

Èyí tó ṣòro jù ló kù tí mo fẹ́ sọ, torí díẹ̀ ló kù kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ ní ìlú yẹn.

Ọmọ wa kẹta ló wà níbẹ̀, obìnrin ni. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní àjà mẹ́ta nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Kí a tó lọ, ìyá ìjọ kan pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ń lọ sí ìlú tẹ́tẹ́? Nínú aṣọ funfun yín?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni mò ń lọ wò. Bẹ́ẹ̀dì àlejò ló ń tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́, kó lọ ta á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun mú ọṣẹ kékeré tí wọ́n ń kó sí balùwẹ̀ wọn bọ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fún ọmọ wa ní yàrá kan fún ọjọ́ méjì, kí àwọn òbí rẹ̀ lè wá sinmi, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Kí n tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ ọ kiri. Aṣọ rẹ̀ nà, kò wú níbì kankan, wọ́n ṣẹ́ igun rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn di lẹ́tà. Mo pe bàbá wọn pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ọmọ ẹ ni." Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ ọn, torí kò fẹ́ dùbúlẹ̀ lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára ọkọ mi ọjọ́ ti pẹ́. Abẹ́rẹ́ ló máa ń gún ara rẹ̀ láràárọ̀. Tó bá ti gún un, àfi kó jẹun kíákíá. Tí kò bá jẹun, òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ó ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí lọ́nà Ìrèlè, ọlọ́kadà kan tó ní mínírà lọ́wọ́ ló gbà á là.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Nílé wa ní Àyèká, ilé ìdáná kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà orí bẹ́ẹ̀dì ló ti máa ń gún abẹ́rẹ́ kó tó dìde wá jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe níbẹ̀. Ó gún un lókè, a wá wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀ láti lọ jẹun. Mi ò rò ó pé oúnjẹ náà wà ní ìpẹ̀kun ayé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bísíkíìtì wà nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni báàgì wà, kò sí lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ní ìlú yẹn, kò sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ tí ẹ kò ní gba àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kọjá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ fẹ́ jẹun, àárín ẹ̀rọ. Ẹ fẹ́ jáde síta, àárín ẹ̀rọ. Gbọ̀ngàn náà fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, kò sí fèrèsé, kò sí aago, àárọ̀ àti alẹ́ kò yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti gbọ̀n mí. Mo rí ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin, mo ní kí bàbá wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo jáde, kò sí níbẹ̀.

Mo pè é. "Bàbá wọn o!" Ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn mi mì. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ń kọrin, wọ́n ń lu agogo, ọ̀kan ń ké bí àkùkọ. Mo sáré lọ sí ọ̀tún, kò sí. Mo sáré sí òsì. Mo gba ẹ̀yìn òpó ńlá kan, mo tún gba iwájú àwọn tó ń ta káàdì, ló bá di pé mo tún pàdé ẹ̀rọ tí wọ́n ya ẹja pupa sí lára, èyí tí mo ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àjà òkè, fóònù mi kò sì ṣiṣẹ́ ní ìlú wọn. Mo sọ nínú ara mi pé tí mo bá ń sáré báyìí, ọkùnrin yìí á ṣubú síbì kan, wọ́n á rò pé ọtí ló mu.

Mo dúró. Mo fa èémí. Mo wá wo gbọ̀ngàn náà dáadáa, ojú mi sì mọ̀ ọ́n. Láìnì ni.

Nígbà tí ara ṣì gbà wá, lébìrà ni èmi àti ọkọ mi ní oko ọ̀pẹ ńlá kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí. Òun ń gé ìdì ẹyìn, èmi ń ṣa èyí tó já sílẹ̀. Okùn ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin ọ̀pẹ wọ̀nyẹn. Láìnì kìíní bí ìkejì, ìkejì bí ìkẹta, ọ̀pẹ kan kò ga ju èkejì lọ. Tí o bá yíjú lẹ́ẹ̀mejì, o ò mọ ibi tí o gbà wọlé mọ́. Òfin méjì la ní. Ẹni tó bá sọnù, kó dúró sí ìdí ọ̀pẹ kan, kó má rìn mọ́. Ẹni tó ń wá a, kó bẹ̀rẹ̀ láti etí oko, kó tọ láìnì kọ̀ọ̀kan dé òpin, kó sì ta kókó sí ewé ọ̀pẹ tó wà ní orí láìnì tó bá ti tọ̀ tán, kó má baà tún un tọ̀. Àwọn tó bá ń sáré kiri, ṣe ni wọ́n máa ń yí ara wọn po títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo padà sí ilé ìyàgbẹ́, mo fa pépà ìnuwọ́ tó pọ̀ jáde. Mo lọ sí ara ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo tọ láìnì kìíní dé òpin, mò ń wo ojú gbogbo ẹni tó jókòó. Kò sí. Mo fi pépà kan há ẹ̀yìn àga tó kángun. Mo bọ́ sí ìkejì. Mo fi pépà há a. Mi ò sáré mọ́. Ẹni tó ń sáré máa ń fo ojú kan.

Ohun tó ń ká mi lára kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ti pẹ́ tí a ti fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀, ọkọ mi sì ti ń gbàgbé nǹkan. Bí òun náà bá ń rìn kiri, òfin mi kò wúlò.

Mo wà ní láìnì kẹjọ nígbà tí obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan dá mi dúró. Ó ga, aṣọ dúdú ló wọ̀, rédíò wà ní èjìká rẹ̀. Ó nawọ́ sí àwọn pépà mi, ó ń bèèrè nǹkan. Òyìnbó tí mo gbọ́ kò tó nǹkan, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Họ́sbàǹdì. Lọ́ọ̀sì. Ṣúgà." Mo fi ìka gún apá mi bí abẹ́rẹ́. Mo na ọwọ́, mo gbọ̀n ọ́n, mo wá dijú.

Ó yé e. Ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò, ó sì ṣe àmì pé kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn. Mo gbọn orí. Mo fi láìnì tó kù hàn án. Ó wò mí, ó wo àwọn pépà tó tò lọ lẹ́yìn mi, ó wá na ọwọ́ sí mi. Mo fún un ní pépà díẹ̀. Báyìí la di méjì.

Òpin láìnì kọkànlá la ti rí i. Ó jókòó sórí àga kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara ẹ̀rọ mú. Òógùn ti rin fìlà rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó gbé àwo ọtí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, ọkọ mi ń gbọn orí.

Ó ní, "O pẹ́." Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

"Ẹ ya ẹnu."

"Àwọn èrò ló tú jáde nínú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn, wọ́n sún mi, wọ́n sún mi. Wọ́n ní kí n dìde. Mo ní ìyàwó mi ń bọ̀."

"Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ yé sọ̀rọ̀."

"Láìnì mélòó lo tọ̀?"

"Ẹ jẹun, bàbá!"

Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n gbé omi ọsàn wá, ọkọ mi sì mu ún tán. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dá gbígbọ̀n dúró. Mo di ọwọ́ náà mú ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò wá.

Obìnrin náà ló mú wa dé ibi oúnjẹ. A ti ń jẹun nígbà tí ọmọ wa sáré wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rédíò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lókè.

Ó ní, "Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Àbí tẹ́tẹ́ lẹ yọ́ lọ ta?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Tí mo bá ta tẹ́tẹ́, ṣé fìlà á ṣì wà lórí mi?"

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, omi ti wà lójú rẹ̀. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ bi í ní ohun kan, ọmọ wa kọjú sí mi.

"Màámi, ó ń bèèrè ibi tí ẹ ti kọ́ ohun tí ẹ ṣe yẹn. Ó ní àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń wá Bàbá nínú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí Bàbá. Pépà kí ni ẹ há sẹ́yìn àga?"

Kò lè mọ̀. A ò jẹ́ kó wọ oko ọ̀pẹ rí. Ilé ìwé la ní kó máa lọ, ó sì lọ. Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé oko ọ̀pẹ la ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ lébìrà. Má pè é ní nǹkan mìíràn. Sọ fún un pé fọ́mánù máa ń padà tọ láìnì gbogbo obìnrin tó ń ṣa ẹyìn, bóyá wọ́n fo ìdí ọ̀pẹ kan. Kò tọ láìnì ìyá rẹ rí. Bí wọ́n bá ti ní òun ló tọ̀ ọ́, ó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó."

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, n kò gbọ́ ọ kó sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ náà ṣí fìlà orí rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bọ ọkọ mi náà lọ́wọ́.

Mo ní kí ọmọ wa sọ fún un pé kó jókòó bá wa jẹun, torí òun náà bá mi tọ láìnì mẹ́ta. Ó ní òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ó dáa, mo sì bu ẹyin díndín sí i fún bàbá wọn.