Sànní Alágolo àti Ilẹ̀ Tí Kì Í Mumi

Ibi ìpàdé àwọn onílé l'Ágége ni Sànní ti gba orúkọ Alágolo. Ẹkúndayọ̀, alága wọn, fẹ́ da típà amọ̀ méjì sójú ọ̀nà àdúgbò tó ti di ẹrẹ̀. Sànní dìde pẹ̀lú agolo mílíìkì méjì tó ti lu nídìí. Ó bu amọ̀ sí ọ̀kan, ó bu iyanrìn sí èkejì, ó bu omi lé wọn lórí tábìlì Alága. Ti iyanrìn já wálẹ̀ wẹ̀rẹ̀, ó ba ìwé ìpàdé jẹ́. Ti amọ̀ kò mira.

“Ẹ ò rí i?” ni Sànní wí. “Amọ̀ kì í mumi. Ṣe ló máa darí ẹ̀ sílé ẹni tó wà nísàlẹ̀.”

“Sànní, ṣé inú agolo lòjò máa ń rọ̀ sí ni?” ni Alága bi í.

Wọ́n da amọ̀ náà. Ilé Alága ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí amọ̀, ó wọ pálọ̀ Alága. Sùlíyá, ìyàwó Sànní, rò pé ọkọ òun á yọ̀ ọ́. Rárá o, sísáré ló sáré lọ bá a gbọ́n omi. Ó ti gbọ́n ọn títí kí wọ́n tó rí i pé agolo tó lu nídìí ló mú wá.

Ayé Sáàpù lèyí, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú ṣọ́wó ná. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan n'Íkẹjà ti dá Sànní dúró, ó sì ráyè fún ilẹ̀ wàyí. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ilẹ̀ ṣáá, ẹnu ilẹ̀ á dí, kò ní lè mumi mọ́. Ló bá to pátákó yí àgbàlá ká, ó ní orí rẹ̀ ni kí gbogbo ayé máa gbà. Lọ́jọ́ tí àna wá tọrọ Fàúsát ọmọ wọn, àgbàlagbà méje fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri bí alákàn.

“Bàbá Abdulmumin, ẹ fẹ́ lé ọkọ ọmọ yín lọ!” ni Sùlíyá wí, ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é.

“Kò ní lọ. Ẹni tó bá lè fara da èyí lè fara da Fàúsát.”

Ohun kan ni Sànní kì í fi ṣàwàdà. Amọ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ojú rẹ̀ ni omi ṣe kún sàréè náà. “Sùlíyá, má jẹ́ kí n sùn sínú omi,” ló máa ń wí. Sùlíyá sì ṣèlérí.

Oṣù keje ni Sànní kú, òjò ò dá. Sàréè tí wọ́n gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ti kún dórúnkún. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ní àwọn á gbọ́n ọn. Opó kì í tẹ̀lé òkú ọkọ rẹ̀ débẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí, ni Sùlíyá bá gbé agolo Sànní tó lu nídìí lé Alága lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tómi bá ti já wálẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́.”

Alága mú agolo àti búta omi àlùwàlá, ó ń bu ilẹ̀, ó ń dami sí i, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ibi kẹrin, lẹ́bàá igi kajú, ni omi ti já wẹ̀rẹ̀ sí bàtà rẹ̀.

“Ibí ni!” ló kígbe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ńlá tún rọ̀. Ọkàn Sùlíyá ò balẹ̀. Bó ti gbójú sókè ló rí Alága nínú àgbàlá, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lórí pátákó, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣòfin ti lọ.

“Ṣé wọn ò sí nínú omi, sà?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé ni. Ilẹ̀ ti mu ún tán. Ọkọ yín gbẹ, Ìyá Abdulmumin. Èmi ni mo tutù.”

Sùlíyá rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ohun tó dùn ún ni pé Sànní ò sí níbẹ̀ láti rí Alága lórí pátákó.