Obì Tó Hu Ìwo

Ọkọ mi ló mú mi wá sí Tamale láti Ìlọrin, mo sì ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti dígí láàárín ọjà. Nígbà tí òyìnbó ní kí àwa Yorùbá mú ẹnìkan wá sínú ìgbìmọ̀ ìlú, bàbá kan tó ń ta abọ́ tánganran la mú, nítorí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo jó. Òun ló bá wa sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Àmọ́ nígbà tí ipò wọ̀ ọ́ lára tán, tí pípín ìsọ̀ ọjà sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ ìsọ̀ gbọ́dọ̀ mú obì lọ kí i. Obì lóòótọ́ ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó di adìẹ, a ní obì bàbá ti hu ìyẹ́. Nígbà tó di àgbò, a ní ó ti hu ìwo. Èmi ò mú nǹkan kan lọ. Oníbìínú ni mí nígbà náà, kò sì tíì tán lára mi. Ló bá lé mi lọ sídìí dóńgóyárò, níbi tí wọ́n ń so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́. Ẹkún ni mo sun débẹ̀. Mo rò pé ọjà mi ti parẹ́ nìyẹn. Àṣé ibẹ̀ ni àwọn ará abúlé Sagnarigu ń gbà wọjà! Kí wọ́n tó sọ ẹrù tán, wọ́n ti ra òwú mi.

Alápatà kan ló tú àṣírí bàbá. Bàbá gba àgbò lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó wá gbé ìsọ̀ tí alápatà fẹ́ fún ẹlòmíì, ni alápatà bá pè é lẹ́jọ́. Ní kóòtù, bàbá ní obì lásán ni wọ́n fún òun, bí àṣà wa.

Alápatà kọjú sí adájọ́, ó ní, "Ránkà dédé, obì ọ̀hún ń ké o. Ó wà lórí ìso lẹ́yìn ilé wọn."

Wọ́n lọ wò ó, wọ́n bá a níbẹ̀. Bàbá ṣẹ̀wọ̀n.

Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó. Ó wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà ló fìdí lé. Nígbà tí àwo obì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó taari rẹ̀ sí ẹni tó tẹ̀ lé e, kò fọwọ́ kàn án. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo mú ẹyọ kan, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò níyẹ̀ẹ́, kò níwo."

Ó yí obì náà po lọ́wọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! Wàláhì, obì rẹ mà pẹ́ kó tó dé o!"

Ó là á sí méjì, ó fi ìdajì lé mi lọ́wọ́. Títí ó fi kú, kò fún mi ní nǹkan mìíràn, àfi ìdí dóńgóyárò tí mo ṣì ń jókòó sí.