Ọkọ̀ Bàbá Mi ní Ìgbà Opó

Ní gbogbo oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ìyá mi fi ṣe opó, kò fi ìka kan ọkọ̀ bàbá mi, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń fi ọkọ̀ náà sáré. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí, nítorí àwọn tí kò mọ̀ wá dáadáa máa ń rò pé bàbá mi ni asáré. Bàbá mi ni ó ni ọkọ̀. Òun ni ó rí i nínú koríko lẹ́yìn ilé arúgbó kan ní Ìdímù, òun ni ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe nínú ọgbà ilé tí a háyà ní Ìgàndo, títí tí Mustang náà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ju bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ orí, fi tún bẹ̀rẹ̀ sí bú bíi kìnnìún. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi kò ríran jìnnà. Ìyá mi, tí ó ń fi sùúrù wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ni ó máa ń wọ inú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Lọ́nà Ìjẹ̀gùn ni wọ́n ti ń sáré, lórí títì gbọọrọ kan nínú ilẹ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí tí wọn kò tíì kọ́. Onílẹ̀ fún wọn láyè. Ọkọ̀ méjì á tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnìkan á gbé aṣọ pupa sókè, bí aṣọ náà bá sì ti wálẹ̀, àwọn méjèèjì á fò síwájú. Eré náà kì í pẹ́ rárá. Kí èèyàn tó mí sínú kí ó mí síta, ọ̀kan ti kọjá òpó iná tí kò ní wáyà, ìyẹn sì ni ó borí. Kò sí ẹ̀bùn, kò sì sí tẹ́tẹ́, nítorí bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ tẹ́tẹ́ sétí.

Àìsàn tí ó mú un lọ kò gùn. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wá láti Ọ̀yọ́ pe ìyá mi jókòó. Èmi náà wà níbẹ̀, nítorí èmi ni àkọ́bí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ogún ni ọkọ̀ yẹn, a ò sì lè gé e wẹ́wẹ́ kí a pín in. Bí o bá jáde opó tí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, mú un mọ́ ìpín tìrẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ dù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú sílẹ̀, àwọn tó ń ra irin ni mo máa pè. Mi ò fẹ́ kí òkú ọkọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbúrò mi."

Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun."

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọkọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ láìṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo inú rẹ̀ á di èérí, bátìrì á kú, ẹ́ńjìnnì á sì dì. Kí a máa ṣáná sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó kù. Inú ọgbà wa ni ọkọ̀ sì wà, ìyá mi kò nílò kí ó ti ẹnu géètì jáde. Síbẹ̀, kò fẹ́ dá a ṣe. Ó pe àáfà lórí fóònù, ó sì bi í.

Àáfà ní, "Inú ilé yín ni, ẹ lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní opó kì í wá ọ̀ṣọ́, kì í wá fàájì. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé iṣẹ́ ilé ni ọkọ̀ yẹn jẹ́ fún yín, àbí fàájì?"

Ìyá mi lọ sí ojú fèrèsé, ó ń wo ọkọ̀ náà títí tí àáfà fi ń pè é pé, "Hẹ̀lóò? Ẹ ń gbọ́ mi, àbí?"

Nígbà tí ó yá, ó dáhùn pé, "Fàájì ni, Àáfà."

Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bí ó bá sọ pé iṣẹ́ ilé ni, irọ́ náà kò bá tóbi jù. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, kò sì yí i padà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wa wà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí ọkọ̀ náà wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, èmi á jókòó sídìí ọkọ̀, òun á sì dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀, á máa sọ ohun tí n óò ṣe.

"Tẹ epo lẹ́ẹ̀mejì. Má kánjú. Ó tó. Yí kọ́kọ́rọ́ báyìí."

Ọkọ̀ náà á wú ikọ́, á gbọn ara, lẹ́yìn náà ni yóò bú. Ògiri ọgbà á máa dún padà sí i. Ìyá kan tí ó ń gbé nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ó kọjá láìsọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé ilé náà lọ sí Amẹ́ríkà ni? Àwọn abọ́ mi ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù jàre!"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ní ń bínú? Bí mi ò bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì kan, olè ni màá pariwo."

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ omi bátìrì wò. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé nígbà náà. Ojú fèrèsé yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó pẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí opó parí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láìròtẹ́lẹ̀, òun àti ọkùnrin kan tí ó ń ra irin àlòkù. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni. Mo wọ inú ọkọ̀ kí ìyá mi tó dé ojú fèrèsé, mo tẹ epo, mo tún tẹ epo, mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣá. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo tún yí i, kò dáhùn. Òórùn epo gba gbogbo ọgbà.

Oníirin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó ti dágbére fáyé. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Kò sí ẹni tí ó bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ó wo aṣọ ọ̀fọ̀ tí mo wọ̀, ó rántí irú ilé tí òun wà, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba.

Ohùn ìyá mi wá láti òkè. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò kà á, Mọ́mì."

"O ti fún un lépo yó."

Mo gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí, tí ó di kọ́tìnnì mú. Mo ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàápàá sọ pé, "Sọ̀ kalẹ̀, ìyàwó wa. Àwa ò ní bá ọ wí."

Kọ́tìnnì náà mì. Mo rò pé ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Rárá, sà. Wọ́n ti bi mí, mo sì ti dáhùn." Lẹ́yìn náà ó kọjú ọ̀rọ̀ sí mi. "Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kí epo tó pọ̀ jù yẹn fẹ́. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

A dúró. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró pẹ̀lú mi.

"Ó tó. Padà sínú ọkọ̀. Tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, má sì gbé ẹsẹ̀ rẹ. Yí kọ́kọ́rọ́. Máa yí i lọ."

Mo ń yí i. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń fà á bí ẹni tó rẹ̀.

"Ó fẹ́ kú, Mọ́mì!"

"Má fi sílẹ̀."

Ọkọ̀ náà bú, èéfín dúdú tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣí fìlà, ó sì dúró tí ọkọ̀ náà títí ohùn rẹ̀ fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan oníirin náà léjìká. "Máa bọ̀, jẹ́ kí n sìn ọ́ dé ojú títì."

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìyá mi jáde opó, a lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ọkọ̀ ti di tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan láti Ẹ̀gbẹ́dá, tí òun náà ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, ti ń dúró dè wá.

Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí opó fi ayò sílẹ̀ fún yín o."

"Ta ní bẹ̀ yín? Ẹ lọ tò."

Aṣọ pupa wálẹ̀. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ kọjá òpó, wọn kò tilẹ̀ súnmọ́ ara wọn. Ó dẹ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó yí padà wá bá wa. Ìyá mi kò yí padà. Ó ń lọ títí ó fi dé ìpẹ̀kun títì náà, níbi tí ọ̀dà ti parí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

A ń gbọ́ ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Ọkùnrin náà ní, "Ṣé kò sí nǹkan? Jẹ́ kí n lọ wò wọ́n."

Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó má lọ. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú ni àwọn èèyàn ti kún ilé wa, àwọn abánikẹ́dùn, àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí, àwọn ẹbí láti Ọ̀yọ́, àti èmi náà tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì sí ibi kan tí ó ti dá wà.

Oòrùn ti ń gun orí wa kí ó tó yí ọkọ̀ padà. Ó wà á bọ̀ jẹ́jẹ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò wo èmi. Ọkùnrin náà ni ó wò.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mo wà ńlẹ̀, Ìyá wa," ni ó wí.