Fíìmù Tí Àbúrò Ọkọ Mi Ṣe Nípa Ìyá Rẹ̀

Ọkọ mi kékeré ni mo máa ń pe àbúrò ọkọ mi, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé kí n tó wọ ibẹ̀. Nítorí náà, èmi ni mò ń sọ "ẹ" fún un, òun ń sọ "o" fún mi. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fíìmù rẹ̀ le fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń jókòó sídìí máìkì nílé iṣẹ́ rédíò kan, màá sì máa sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa nínú fíìmù. Bàbá mi ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò nígbà tí àwọn ilé tó ní in kò tíì pọ̀ ládùúgbò wa, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sì yá wá la máa ń wò. Mo fẹ́ràn ti àwọn ará Íńdíà torí wọn kì í tijú ẹkún, àmọ́ ìkà inú wọn máa ń tètè ronú pìwà dà jù. Ti àwọn ará Ṣáínà, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń jà ni mo gbà gbọ́, n kò gba ìtàn wọn gbọ́. Àwọn òṣèré alárìnjò wa àtijọ́ kò ní iná, wọn kò ní kámẹ́rà gidi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí àgbàlagbà ṣe ń dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tó wúwo. Àwọn tó ń ṣe ti orí fóònù lónìí ní iná, wọ́n ní kámẹ́rà, ẹnu wọn ni kì í sinmi. Ẹ̀rù ni mo fi ń wọn fíìmù. Bí ẹ̀rù bá bà mí kí orin tó dún, iṣẹ́ ti yé ẹni tó ṣe é. Bó bá jẹ́ orin ló ń pàṣẹ fún mi pé kí n bẹ̀rù, mo ti bínú nìyẹn.

Ó ku díẹ̀ kí a ṣe Iléyá nígbà tí ọkọ mi kékeré wọlé tọ̀ mí wá, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, mo ti parí fíìmù mi. Ọjọ́ kejì Iléyá la máa fi han gbogbo ìlú. Ìwọ lo máa dìde sọ̀rọ̀ tó bá parí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dá lé?"

"Àwọn ajínigbé. Ọ̀rọ̀ Màmá."

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ajínigbé gbé ìyá ọkọ mi lọ́nà oko, lápá Òkèhò. Ìgbà tí ẹbí fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n tó já Màmá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Láti ìgbà náà, Màmá kò sọ ohunkóhun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ti kó mi yọ, alihamdulilai." Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kì í kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́, ibi yòówù kí wọ́n jókòó sí.

Mo bi ọkọ mi kékeré pé, "Ṣé Màmá mọ̀?"

"Wọ́n á mọ̀ tí wọ́n bá rí i. Mo fẹ́ kó ya wọ́n lẹ́nu ni."

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọdé náà ti ṣe wàhálà púpọ̀, òun kò fẹ́ kí wọ́n ní ìyàwó òun ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, n kò lè sùn dáadáa. Níkẹyìn, mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, mo sì sọ ohun tó wà nínú fíìmù náà fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó mú wọn débẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró lórí igbá. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Màá lọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ló ṣe é."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Iléyá, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n háyà kún fọ́fọ́. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n fi páálí dí gbogbo fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé, ooru sì mú. Màmá wá àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè máa rí ìta. Mo jókòó tì wọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà yà mí lẹ́nu. Obìnrin kan ń bọ̀ láti oko, ó ru igi ìdáná. Kò sí orin. Afẹ́fẹ́ nínú koríko nìkan là ń gbọ́, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ń gbá a ní gìgísẹ̀. Ó dúró, ó wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan, ó tún ń lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ yìí mọ nǹkan.

Àfi bí ìlù ṣe bú jáde. Àwọn géńdé tó fi aṣọ dúdú bojú ya jáde láti ẹ̀yìn àpáta, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń yìnbọn sókè. Obìnrin náà ń yí nílẹ̀, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi kékeré fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ọmọ náà: ó wọ igbó lọ ní òun nìkan, ó ń gbá ọ̀kan, ó ń so ìkejì mọ́ igi. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ń nu ojú. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ìbọn kan tún dún, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ẹ̀rọ ohùn, Màmá dìde, wọ́n sì jáde.

Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èémí wọn ń yára. Mo fẹ́ lọ bu omi wá, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyá Ìbejì, kò sí ariwo níbẹ̀."

Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́.

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ọ̀kan ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń kọrin. Ó ní, 'Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ ẹsẹ̀ yẹn o.' Ohùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní. N kò sunkún. N kò ké pe ẹnì kankan. Èlùbọ́ tí mo sá sórí àpáta lábà ni mò ń rò, pé bí òjò bá rọ̀, ta ló máa kó o?"

Nígbà náà ni wọ́n pè mí láti inú gbọ̀ngàn. Fíìmù ti parí. Mo wo ojú Màmá.

"Lọ," ni wọ́n wí. "Má purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n má fi mí ṣe àpèjúwe."

Mo wọlé lọ gba máìkì. Mo kí àwọn ènìyàn kú ọdún. Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti wò láti ọjọ́ yìí, pé ẹni tó lè jẹ́ kí ẹ̀rù bà wá pẹ̀lú bàtà lásán ní ẹ̀bùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá ní, "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlù ti wọlé, a kò gbọ́ obìnrin náà mọ́. Òun ni wọ́n jí gbé, síbẹ̀ a kò mọ ohun tó ń rò. Ọmọ rẹ̀ ló gba fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ajínigbé borí ni?" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ mi. Àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà gbàgà, àwọn géńdé kan sì ti ń bọ̀ níwájú. Mo rí ọkọ mi tó ń já ara rẹ̀ gbà láàárín èrò kó lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi kékeré ló kọ́kọ́ dé. Ó gba máìkì. Mo rò pé ó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣeé kó jọ mọ́.

"Ìyàwó wa ti sọ tirẹ̀," ni ó wí. "Ẹ máa lọ jẹ ẹran yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Kò wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á kàn mi orí. Lórí rédíò, àwọn kan ń pè mí láti sọ pé ìlara ló ń ṣe mí. Ilé gbóná títí ìjíròrò èmi àti ọkọ mi fi di oúnjẹ àti ìwé àwọn ọmọ nìkan.

Màmá ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ wọn sábà pé kó wá bá àwọn yí èlùbọ́ padà lórí àpáta. N kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ wá sílé wa, eruku pupa bò ó, ó jókòó sórí àkàsọ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Màmá ti sọ bó ṣe rí gan-an fún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ṣe fíìmù mìíràn," ni ó wí. "Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní èmi ni àwọn sọ ọ́ fún, kì í ṣe ìlú."

Mo bu omi fún un. Lẹ́yìn tó mu ún, ó gbé ojú sókè.

"Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ, ìyàwó wa. Nígbà tí wọ́n mú Màmá, ilé ni mo jókòó sí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Gbogbo wa la jókòó sílé. Ṣé kò tọ́ kí a borí lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán nínú fíìmù?"

Fíìmù náà ti wà lórí fóònù àwọn awakọ̀ láti ibí títí dé Ìgbẹ́tì, ọkọ mi kékeré kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mo sì ṣì ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dára. Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu fíìmù kan tí akọni rẹ̀ ti pa gbogbo ọ̀tá tán ní òun nìkan, mo kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ibi tí ẹni tó ṣe é jókòó sí nígbà tí ohun tó fi ṣe fíìmù náà ṣẹlẹ̀.